Àga Tí A Ń Kúnlẹ̀ Sí

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú mi, kó gbé àga bọ́ọ̀dù wá síwájú mi, kó sì pè é ní àga. Bọ́ọ̀dù tí mo ń wí yìí ni èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun pákó àti gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, tí wọ́n wá fi bébà tó ń dán bò lójú kó lè jọ igi gidi. Bí omi bá kàn án, á wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Bó bá ṣẹ́, kò ṣeé tún kàn. Kódà àwọn obìnrin tó ń ra igi ìdáná lọ́wọ́ àwa káfíńtà ní Bẹ́yẹrúnkà n'Íbàdàn kì í gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí èéfín rẹ̀ ń ta wọ́n lójú, ó sì ń ba adùn ọbẹ̀ jẹ́. Ohun tí kò ṣeé jókòó lé pẹ́, tí kò sì ṣeé dáná, kí lẹ fẹ́ kí n máa pè é?

Àbúrò mi Emmanuel ní owó ni kí n máa pè é. Molete ló wà, níbi tó ti ń ta àga àti bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti ṣe tán láti òkè òkun, mi ò sì lè parọ́ mọ́ ọn, ọjà ń tà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo wà nídìí ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wa, Hezekiah káfíńtà, fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n kú. Comfort lorúkọ mi. Àwọn tí kò mọ̀ mí rí máa ń wọlé wá béèrè ọ̀gá, bí mo bá sì ní èmi ni, wọ́n á tún yọjú wo ẹ̀yìn mi bóyá ọkùnrin kan sá pamọ́ síbẹ̀. Ó ti mọ́ mi lára. Mo kọ́ yíya àwòrán àga àti tábìlì nílé-ẹ̀kọ́ gíga, ṣùgbọ́n lẹ́sẹ̀ bàbá mi ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ahọ́n igi wọ inú ihò, tí àga á fi dúró gbọn-in láìní ìṣó kankan.

Wàhálà tó dé bá wa lọ́dún tó kọjá kò le láti sọ. Ìrókò ti wọ́n, ó sì ń tán lọ. Àwọn gẹdú tí wọ́n ń kó wọ ìlú báyìí, ọmọdé igi ni wọ́n. Bàbá mi ì bá ní kí wọ́n dá wọn padà kí wọ́n lọ dàgbà. Mo ń rà wọ́n bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí, torí mo mọ̀ pé èmi náà wà lára àwọn tó ń jẹ igbó run. Àga mi dára, ó lè pẹ́ láyé ju ẹni tó rà á lọ. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà á wò ó, wọ́n á fọwọ́ pa á lára, wọ́n á gbàdúrà fún mi, wọ́n á sì gba Molete lọ.

Ìgbà tó yá ni Emmanuel lọ bá ìyá wa nílé. Ó ní kí á kó ẹ̀rọ ìfági kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, kí á fi gíláàsì sí iwájú rẹ̀, kí òun máa kó ọjà òun síbẹ̀. Ẹ̀bá títì ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Kò sẹ́ni tó ń ti Ọjà'ba bọ̀ tí kò ní rí i. Mo sọ tèmi. Ohùn mi ga ju bó ṣe yẹ lọ, mo mọ̀. Tíṣà ni ìyá wa, ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọn kì í dá ọmọ lẹ́kun ọ̀rọ̀ títí tó fi máa tán nínú rẹ̀. Nígbà tí àwa méjèèjì dákẹ́, wọ́n ní ìjọ Aládùúrà kan ní Ìsàlẹ̀ Òsì ti tún ilé ìsìn wọn kọ́, wọ́n sì ń wá ẹni tó máa ṣe àga kún inú rẹ̀. Kí oníkálukú gbé àga tirẹ̀ lọ. Bí ìjọ bá mú tèmi, tí èrè sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá san owó òṣìṣẹ́, ibi iṣẹ́ wa á máa jẹ́ ibi iṣẹ́ lọ. Bó bá jẹ́ ti Emmanuel ni wọ́n mú, kí n kó ayùn mi kúrò.

"Bàbá yín fẹ́ràn igi," ni ìyá wa wí, "ṣùgbọ́n igi kọ́ la fi rán yín níléèwé, owó ni. Ẹ lọ dán an wò."

Mo ṣe àga ìrókò kan tó jẹ́ pé èmi fúnra mi ń yí i ká wò. Mo gbẹ́ ojú ìjókòó rẹ̀ wọnú díẹ̀, mo sì jẹ́ kí etí rẹ̀ ga yí i ká, kí ìdí ènìyàn lè rí ibi sinmi. Mo kan àpótí pẹlẹbẹ kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ fún ìwé orin àti Bíbélì. Nísàlẹ̀ ìyẹn, mo so pákó kan tí mo fi tìmùtìmù bò, tí ẹni tó wà lẹ́yìn á lè kúnlẹ̀ lé. Ọmọ Áńgílíkà ni mí. Bí a ṣe ń kúnlẹ̀ nìyẹn. Ojú wa á wà níwájú, orúnkún wa á wà lórí tìmùtìmù, a ó sì gbé orí lé ẹ̀yìn àga ẹni tó ṣíwájú wa. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ọ̀nà mìíràn wà tí ènìyàn tún ń gbà kúnlẹ̀.

Èmi àti Àkíbù, tó ń bá mi ṣiṣẹ́, la gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Ìsàlẹ̀ Òsì. Wòlíì Àdúràolúwa, olórí ìjọ náà, jáde sí wa nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Wọ́n yin iṣẹ́ náà dáadáa. Àga bọ́ọ̀dù Emmanuel ti wà níbẹ̀ kí á tó dé, ó ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó.

Ìyá Ìjọ wọn, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Purity, tó ń ta aṣọ ní Oríta-mẹ́rin, kò sọ̀rọ̀ ẹwà rárá. Wọ́n kàn di àga mi mú lápá méjèèjì, wọ́n gbé e, wọ́n sì tún sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n ní lẹ́yìn gbogbo ìsìn, àwọn obìnrin ló máa ń kó àga jọ léra sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí àyè lè wà. Wọ́n bi mí léèrè èwo nínú àwọn obìnrin náà ni mo rò pé ó máa gbé ìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kẹ̀yìn sí pẹpẹ, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n kọjú sí àga, wọ́n sì gbé apá lé ojú ìjókòó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìde, etí tó ga tí mo fi ń yangàn yẹn ti fa ilà pupa sí wọn lápá. Wọ́n wá nàka sí pákó onítìmùtìmù tó wà lẹ́yìn.

"Ọ̀gá káfíńtà, ta lẹ ṣe èyí fún?"

Mo ní ẹni tó bá wà lẹ́yìn ni. Ìyá Purity rẹ́rìn-ín, kò sì sí ìkà nínú rẹ̀. Wọ́n ní lọ́dọ̀ tiwọn, ẹnikẹ́ni kì í kúnlẹ̀ sẹ́yìn ẹlòmíràn. Oníkálukú máa ń yíjú padà kúnlẹ̀ sí àga ara rẹ̀ ni. Wòlíì wá fi ọ̀rọ̀ owó lé e. Wọ́n ní òótọ́ ni pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, ṣùgbọ́n iye tí mo pè yìí ti kúrò ní kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ àjàgbé ni. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè, màá gbé òmíràn wá. Wọ́n gbà, bí wọ́n bá ti lè rí ẹni mú kí ìkórè tó dé.

Inú bí mi débi tí mi ò wọ kẹ̀kẹ́ padà. Mo fẹsẹ̀ rìn gun òkè títí dé Bẹẹrẹ, Àkíbù ń tọ̀ mí lẹ́yìn, ó ń sọ fún mi pé òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Mo ní kó máa fi òwe rẹ̀ pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Ṣé Emmanuel ló wá ń bí mi nínú ni? Rárá o. Ara mi ni. Mo ti wọn gíga, mo wọn fífẹ̀, mo wọn ìdí ènìyàn, n kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo ohun tí wọ́n ń fi àga ṣe.

Ìròyìn ò tó àfojúbà. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà ìjọ náà, mo sì lọ jókòó sẹ́yìn. Wọ́n kọrin, wọ́n jó, wọ́n wọ́n omi tí wọ́n ti gbàdúrà sí káàkiri débi tí ilẹ̀ fi tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Wòlíì wá ní kí á gbàdúrà, gbogbo ilé sì yíjú padà lẹ́ẹ̀kan náà, bó ṣe di pé èmi nìkan ni mo kù tí mo kọjú síwájú. Mo yára yí padà. Wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ ti àga, wọ́n gbé iwájú orí lé e, wọ́n di etí rẹ̀ mú, àwọn kan ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Obìnrin kan tó wà nítòsí mi ń mi tirẹ̀ jìgìjìgì bí ẹni tó ń jí ọmọ tó sùn fọnfọn. Gbogbo agbára wọn, etí iwájú ìjókòó ló ń lọ, ibẹ̀ gan-an ni àwọn àga rọ́bà wọn sì ti la. Wọ́n pẹ́ nídìí rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe pẹ́ lórí rẹ̀ lọ. Inú mi dùn débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n dìde lọ sídìí tábìlì iṣẹ́ mi kí wọ́n tó ṣe àmín.

Mo pa ìrókò tì. Tíìkì ni mo fi ṣe ẹsẹ̀ àga náà, igi tí àwọn èèyàn ń gbìn, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gé e, kùkùté rẹ̀ á tún rú. Ojú ìjókòó ló wá gba ọgbọ́n. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, gbogbo káfíńtà Bẹ́yẹrúnkà ló ń ta àwọn pákó kúkúrú tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ fún àwọn obìnrin tó ń se oúnjẹ tà. Àpá, ìrókò, ọ̀mọ̀, igi tí àwọn bàbá wa fi ń ṣe ilẹ̀kùn, iná ìrẹsì ló ń gbẹ̀yìn wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rà wọ́n. Mo fá wọn, mo tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sórí àga, mo sì jẹ́ kí ti iwájú fẹ̀, kí etí rẹ̀ rí róbótó kó má baà ge ẹnikẹ́ni lápá. N kò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n. Ojú ihò ni mo tì wọ́n sí. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú, kí wọ́n fà á yọ, kí wọ́n ti òmíràn bọ̀ ọ́. Ràbíátù, tó ń ra igi ìdáná lọ́wọ́ wa tipẹ́, sọ pé mo ti ń gba oúnjẹ lẹ́nu iná òun. Mo ní àwọn pákó tí kò gùn tó ọwọ́ ṣì jẹ́ tirẹ̀.

Kò bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe máa ń sún sẹ́yìn bí mo bá fi apá tì í. Mo la ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ síta díẹ̀, ó dúró, ó sì wá ṣeé kó jọ léra. Mo kúnlẹ̀ sí i, mo dìde, mo tún kúnlẹ̀, títí orúnkún mi fi bó. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń ṣe é, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ wà, àwọn tó ń kọjá sì ń kí mi pé mo kú àdúrà. Ẹnì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa tilẹ̀ lọ sọ fún ìyá mi pé mo ti di Aládùúrà.

Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, owó tí mo fẹ́ pè kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti àga bọ́ọ̀dù lọ, èrè sì wà nínú rẹ̀ tí ojú kò lè tì mí láti gbà. Emmanuel wá wò ó lọ́jọ́ kan. Ọwọ́ kan ló fi gbé e. Ó yí i wò, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan.

"Àǹtí mi, ó dára o. Ṣùgbọ́n àga tí kì í bàjẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa ń rà á. Bí ìjọ yìí bá rà á tán, ta lẹ tún máa tà fún? Tèmi á bàjẹ́, wọ́n á sì padà wá."

Mo ní mi ò lè máa ṣe ohun tí mo mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kó bàjẹ́. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn, ìwàásù ni. Òótọ́ ló sọ, ó sì dùn mí. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń fá pákó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo ń gbọ́.

Mo gbé àga tuntun náà lọ fún ìjọ, wọ́n sì ń lo òun àti ti Emmanuel títí tó fi di ọjọ́ Sátidé tó ṣíwájú ìkórè, tí àwọn àgbà ìjọ jókòó láti mú ọ̀kan. Ìyá wa bá wa lọ, nítorí wọ́n fẹ́ fi etí ara wọn gbọ́. Omi ti wọ ẹsẹ̀ àga Emmanuel, ó ti wú, bébà rẹ̀ sì ti ń ṣí níbi tí wọ́n ń gbé apá lé. Kò jẹ́ kí ìyẹn tì í lójú. Ó ní owó tòun ṣì kéré, àti pé òun á máa pààrọ̀ èyí tó bá bàjẹ́ fún wọn ní ẹ̀dínwó. Àwọn kan nínú àwọn àgbà náà gbà fún un. Ọ̀kan ní tèmi lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dán, àwọn àlejò lè rò pé igi ìdáná ni wọ́n fi ṣe é. Kò kúkú parọ́, igi ìdáná náà ni. Wòlíì ń wo àga kan, wọ́n ń wo èkejì. Mo rí i pé owó tó dín yẹn ń fà wọ́n lọ, ọkàn mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ayùn mi sínú àpótí.

Ìyá wa ló dìde. Wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ Wòlíì pé àwọn fẹ́ wo àga náà. Mo rò pé wọ́n fẹ́ jókòó ni. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan etí ti Emmanuel, wọ́n sì gbọn bébà tó lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́ dànù. Wọ́n wá bọ́ sídìí tèmi, wọ́n kẹ̀yìn sí pẹpẹ, wọ́n di etí rẹ̀ mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ara wọn sílẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí gidi. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni orúnkún ti gba ìkúnlẹ̀ lọ́wọ́ ìyá wa. Bí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wa bá kúnlẹ̀, ìjókòó ni wọ́n máa ń wà, wọ́n á kàn tẹ orí ba, ojú á sì máa tì wọ́n, ìyá tó jẹ́ pé àwọn ló kọ́ àwa ọmọ ní bí a ṣe ń kúnlẹ̀. Emmanuel fò dìde láti dì wọ́n mú. Wọ́n gbé ọwọ́ kan sókè sí i láìwo ẹ̀yìn, ó sì dúró síbi tó wà. Orúnkún wọn kan ilẹ̀. Wọ́n tẹ́ apá sórí pákó iwájú náà, wọ́n gbé iwájú orí lé apá. N kò mọ gbogbo ohun tí wọ́n bá Ọlọ́run sọ. Mo kàn gbọ́ orúkọ bàbá mi nínú rẹ̀. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti àga, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n gbé èkejì, wọ́n sì dìde. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn wọ́n, àga náà kò sì yẹ̀ kúrò lójú kan. Mo sunkún, mi ò fi bò.

Ìyá Purity ló tẹ̀ lé wọn. Àwọn ìyá àgbà tó wá tọ́jú ilé ìsìn fún ìkórè tún wá, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń dìde fúnra wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nínú àwọn àgbà ìjọ, ẹni tó ní kò dán yẹn bi mí bóyá mo lè ṣe ọ̀kan fún ilé òun, fún ìyá òun tí kò lè kúnlẹ̀ mọ́. Ẹlòmíràn ní kí n má gbàgbé tòun. Mo wo Emmanuel. Mo mọ ojú àbúrò mi bó bá ti gbọ́ òórùn ọjà. Ó sún mọ́ mi, ó rọra ní, "Àǹtí mi, ilé wo ló wà n'Íbàdàn yìí tí kò ní àgbà?" Mo bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú, nítorí ìbéèrè tó ti ń dà mí láàmú látọwọ́ rẹ̀, òun náà ló tún dáhùn rẹ̀.

Wòlíì gbé iṣẹ́ náà fún mi. Nígbà tí a jáde, ìyá wa jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń wọ bàtà. Wọn kò gbójú sókè nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀.

"Emmanuel, gba iwájú ṣọ́ọ̀bù. Fi gíláàsì rẹ sí i."

Ẹnu ya Emmanuel pàápàá, ó ń wojú mi.

"Iṣẹ́ ọwọ́ Comfort ni kó o máa kó síbẹ̀," ni ìyá wa wí. Wọ́n so okùn bàtà tán, wọ́n wá yíjú sí mi. "Ìwọ náà, má jẹ́ kó ta èyí tí mo kúnlẹ̀ sí yẹn. Ilé ló ń bá mi lọ."